Káàdì TV wo ló yẹ kọ̀ǹpútà yín nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń bọ́ sí dígítà?

Ẹni tó bá wọ Computer Village n'Íkẹjà, tó ní òun ń wá ohun tí òun máa fi wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, wọn ò ní pẹ́ gbé páálí kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni káàdì TV, ẹ̀rọ USB kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, rìmóòtù pẹlẹbẹ, àti antẹ́nà kúkúrú tó ní mágnẹ́ẹ̀tì nídìí. Wọ́n á ti kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé "Digital TV". Oníbàárà á gbé e délé, á kì í bọ kọ̀ǹpútà, á ní kó wá ìkànnì, kò sì ní rí ẹyọ kan. Ẹlòmíràn á rí orúkọ ìkànnì rẹpẹtẹ, àmọ́ tó bá tẹ èyíkéyìí nínú wọn, dúdú kirimú lojú kọ̀ǹpútà máa dà. Àwọn méjèèjì á gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kì í ṣe ayédèrú. Ó lè jẹ́ pé dígítà tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe irú dígítà tí Nàìjíríà ń lò. Ó sì lè jẹ́ pé irú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ìkànnì yẹn pa. Ìdí méjèèjì yìí ò jọ ara wọn rárá, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ pa ánálọ́ọ̀gù tì?

Ní ánálọ́ọ̀gù, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló máa ń dá gba ààyè kan nínú òfuurufú. Ní Nàìjíríà, ààyè ọ̀hún fẹ̀ tó 7 MHz lórí VHF, àti 8 MHz lórí UHF, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ àti apá òkè nínú ìgbì tẹlifíṣọ̀n. Bí NTA bá ti wà níbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó tún lè bá a lò ó ládùúgbò yẹn. Ti dígítà yàtọ̀: ó máa ń fún àwòrán àti ohùn pọ̀ débi pé ìkànnì tó lé ní mẹ́wàá á lè gba ààyè ẹyọ kan ṣoṣo náà kọjá.

Ààyè tó bá tipa báyìí ṣófo làwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń dù, nítorí ìgbì tó wà ní agbègbè 700 àti 800 MHz máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọlé dáadáa kọjá ògiri. Owó ńlá wà nínú rẹ̀. Àjọ NBC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ta apá kan nínú 700 MHz fún MTN ní bílíọ̀nù 34 náírà, ìjọba sì yọ lára owó náà láti fi ti ètò dígítà lẹ́yìn.

Gbèdéke ọ̀rọ̀ náà kò ti Abuja wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 láti Yúróòpù, Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn Àárín Gbùngbùn jókòó sí Geneva lábẹ́ ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì fẹnu kò pé nígbà tó bá fi máa di 17 oṣù kẹfà 2015, òfin ò ní dáàbò bo tẹlifíṣọ̀n ánálọ́ọ̀gù lórí UHF mọ́. Ìtumọ̀ "dáàbò bo" níbí ni pé bí orílẹ̀-èdè aládùúgbò bá tan dígítà tirẹ̀ tó sì di sígínà ánálọ́ọ̀gù tiyín lọ́wọ́, ẹ ò lẹ́jọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ní Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdìròkò, tí wọ́n ń gba sígínà Nàìjíríà àti ti Benin pọ̀, ni èyí kàn jù lọ.

Níbo ni Nàìjíríà bá a dé?

Ọdún 2012 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ fi ṣe gbèdéke. Wọ́n sún un sí 2015, wọ́n tún sún un sí 2017, ìyẹn náà tún kọjá lọ. Ìdí tí wọ́n sábà máa ń sọ ni owó: owó ẹ̀rọ àtagbà, owó ẹ̀dínwó orí dẹkódà, àti gbèsè àwọn tó ń gbé sígínà. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń mú un ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù kẹrin 2016, Abuja tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ó dé Ìlọrin ní oṣù Kejìlá 2017, ó dé Òṣogbo ní oṣù kejì 2018, Èkó sì gba tirẹ̀ ní 29 oṣù kẹrin 2021. FreeTV lorúkọ tí wọ́n fi ń polówó ètò náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè tan dígítà sí ìlú kan láìtíì pa ánálọ́ọ̀gù ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé "Èkó ti bọ́ sí dígítà", kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó wà lófuurufú Èkó ti di dígítà. Ní ìlú tí FreeTV ò sì tíì dé, ti GOtv àti StarTimes ni dígítà tí antẹ́nà yín lè gbé, owó sì ni wọ́n fi ń wo ìyẹn, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò ṣì ń lo ánálọ́ọ̀gù. Ìlú tí ẹ ń gbé ló kọ́kọ́ máa sọ káàdì tó yẹ yín, ká tó máa dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹni tó wà ní ìlú tí méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nílò káàdì tó lè gba dígítà àti ánálọ́ọ̀gù. Ti ánálọ́ọ̀gù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ PAL B/G, òun ni Nàìjíríà ń lò.

DVB-T àti DVB-T2: ṣé ìyàtọ̀ wà lóòótọ́?

Ó wà, òun ló sì ń pa owó jù. DVB-T ni ìlànà dígítà àkọ́kọ́ tí Yúróòpù fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n gba orí antẹ́nà láti ìparí àwọn ọdún 1990 wá. DVB-T2 dé lẹ́yìn rẹ̀, Ìlú Ọba ló sì kọ́kọ́ lò ó, ní òpin 2009. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ fo DVB-T kọjá, wọ́n mú T2 tààrà, pẹ̀lú MPEG-4 láti fi fún àwòrán pọ̀. Ohun tí Nàìjíríà, Benin àti Togo ń lò nìyẹn.

Ẹ̀rọ T2 lè gba T. Ẹ̀rọ T kò lè gba T2 láé, bó ti wù kí antẹ́nà dára tó, bó ti wù kí sọ́fíwià jẹ́ tuntun tó. Chip inú rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Ẹ padà wo páálí tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dà á dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ "DVB-T+DAB+FM", ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ̀rọ tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ ló ń lo chip RTL2832U, DVB-T nìkan ni chip yìí sì mọ̀. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ́tí sí ìgbì rédíò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí wọ́n lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ bàálù àti oríṣiríṣi rédíò, ìdí nìyí tí kò fi tán lórí igbá. Kò lè fi ìkànnì FreeTV kan ṣoṣo hàn yín. Ohun tí ẹ ń wá ni "T2" tí wọ́n kọ kedere, pẹ̀lú 2 ìdí rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "gbogbo ẹ̀, ọ̀kan náà ni", ẹ ní kó kì í bọ kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, kó sì wá ìkànnì lójú yín.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ṣé kó rà á?

Ó kù sí ibi tí ẹ̀gbọ́n yín wà. Bó bá jẹ́ Houston tàbí Atlanta, ẹ ní kó má ra á. Amẹ́ríkà ò bá Geneva lọ. ATSC ni ìlànà dígítà tí wọ́n ń lò, ààyè 6 MHz ni wọ́n sì ń pín òfuurufú wọn sí. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá níbẹ̀ pa ánálọ́ọ̀gù ní 12 oṣù kẹfà 2009, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún un láti oṣù kejì ọdún náà, torí pé ìwé ẹ̀dínwó 40 dọ́là tí ìjọba ń pín fún aráàlú kí wọ́n lè fi ra àpótí dẹkódà ò kárí. Káàdì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ ò ní rí nǹkan kan ní Ìbàdàn.

Bó bá jẹ́ London ló wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìlú Ọba parí tiwọn ní oṣù kẹwàá 2012, DVB-T2 ni wọ́n sì fi ń gbé ìkànnì HD wọn, nítorí náà káàdì tí wọ́n ṣe fún Freeview HD, ti tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ orí antẹ́nà wọn, á bá sígínà Nàìjíríà mu. Freeview lásán, èyí tí kò ní HD nídìí, lè jẹ́ DVB-T nìkan. Jámánì náà ti kó lọ sí T2 láti 2017, káàdì ibẹ̀ á sì ṣiṣẹ́ nílé. Ti Brazil àti Cuba ò bá tiwa mu rárá: Brazil mú ìlànà Japan, Cuba mú ti Ṣáínà.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń tan àwọn tó ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kan náà lè wà lára ẹ̀rọ méjì. Hauppauge ń ta WinTV-dualHD kan fún Amẹ́ríkà, ATSC ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ta WinTV-dualHD mìíràn fún Yúróòpù, ìyẹn ló ní T2. Téèyàn ò bá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ, ó lè san owó èyí kó gba ìyẹn.

Ó rí ìkànnì, àmọ́ kò fi àwòrán hàn. Kí ló ṣe é?

Káàdì yín ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó rí sígínà, ó tú u, ó ka orúkọ ìkànnì. Àwòrán ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Bí GOtv àti StarTimes ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ẹni tí kò sanwó má bàa wò ó, inú dẹkódà wọn sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò sí káàdì kọ̀ǹpútà tí ẹ lè rà lọ́jà tí á kàn ṣí i fún yín. Ẹni tó bá ní òun ní sọ́fíwià tó ń ṣí i, ohun tó lòdì sófin ló ń tà, kì í sì í pẹ́ tí irú rẹ̀ fi máa ń kú.

Ti FreeTV ló wá ń fa àríyànjiyàn, torí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti pinnu pé àpótí tí àwọn fọwọ́ sí, tó ní ètò ìṣàkóso nínú, tí èèyàn á sì kọ́kọ́ mú ṣiṣẹ́ kó tó máa wò ó, ni aráàlú máa lò. Èyí túmọ̀ sí pé káàdì T2 lè bá sígínà mu pátápátá kí ó sì má rí àwòrán ìkànnì tí wọ́n bá fi sábẹ́ ìṣàkóso ọ̀hún. Tẹlifíṣọ̀n tuntun tó ní T2 nínú láti ilé iṣẹ́ wá náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ta ló ń bá ta ní fà á lórí àpótí yìí?

Èrò ìjọba àti NBC ni pé bí ẹ̀rọ èyíkéyìí bá lè gba sígínà, ọjà á kún fún àpótí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n, ilé iṣẹ́ tó ń to àpótí pọ̀ nílé ò sì ní rí tà. Wọ́n tún ní ìṣàkóso ló máa jẹ́ káwọn mọ iye ilé tó ń wò, èyí tí àwọn tó ń polówó ọjà ti ń bèèrè fún tipẹ́. Àwọn tó ń to àpótí náà dúró lẹ́yìn èrò yìí, torí wọ́n ti náwó síbẹ̀ nígbà tí ìjọba ṣèlérí fún wọn pé orí ọjà ò ní ṣí sílẹ̀ fún ti òkè òkun.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, àwọn tó ń tún un ṣe, àti ọ̀pọ̀ òǹwòran ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní NTA jẹ́ ti ará ìlú, owó ará ìlú ló ń gbé e, kò sì yẹ kí ẹni tó ti ra tẹlifíṣọ̀n tàbí káàdì tó bá ìlànà mu tún máa wá àpótí kiri. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni pé ní Ìlú Ọba, ẹ̀rọ tó bá ti bá ìlànà mu ló ń gba BBC, kò ní àṣẹ kan pàtó láti gbà.

Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ìṣòro tiwọn, ó sì jinlẹ̀ ju ti àpótí lọ. Láyé ánálọ́ọ̀gù, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ri òpó tirẹ̀, tó ń ra díísù sí ẹ̀rọ àtagbà tirẹ̀. Ètò dígítà pín iṣẹ́ náà sí méjì: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n á máa ṣe ètò, ilé iṣẹ́ mìíràn á máa gbé sígínà fún gbogbo wọn. ITS àti Pinnacle ni wọ́n fún níwèé àṣẹ láti máa gbé e. Ó dín òpó àti díísù kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àwọn tó ní òpó tẹ́lẹ̀ á di ayálégbé tó ń san owó ìgbésókè. Ilé iṣẹ́ kékeré ní ìgbèríko, tí ìpolówó rẹ̀ ò ju ti ìkéde òkú àti ìgbéyàwó lọ, ń bẹ̀rù pé òun ò ní lè san án. Ẹ̀rù yìí ò ṣeé fojú di, torí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ka ìròyìn ní èdè àdúgbò.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní kí ìjọba fi òpó orí ilẹ̀ sílẹ̀, kó gbé tẹlifíṣọ̀n gba orí sátẹ́láìtì, pàápàá NigComSat-1R tí Nàìjíríà ti ní lókè láti ọdún 2011. Ẹni tó ń ra káàdì gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: DVB-S2 ni sátẹ́láìtì ń lò, díìṣì ló sì nílò. Káàdì T2 ò lè gbà á. Àwọn káàdì kan wà tó ní méjèèjì, àmọ́ wọ́n wọ́n, inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé.

Kí ni kí n wò lára kọ̀ǹpútà mi?

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ò ní ibòmíràn tó lè gba káàdì ju ihò USB lọ. Ti orí tábìlì lè lo PCIe, ihò inú rẹ̀ tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, tó máa ń jẹ́ kí èèyàn wo ìkànnì kan kó sì máa gba òmíràn sílẹ̀ bí káàdì bá ní ojú méjì. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ́ Raspberry Pi náà ní tirẹ̀, TV HAT tó jáde ní 2018, DVB-T àti T2 ló sì ń gbà.

Sọ́fíwià ló máa ń yọ èèyàn lẹ́nu. Tẹ́lẹ̀, Windows 7 ní Media Center, sọ́fíwià tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, nínú. Microsoft yọ ọ́ kúrò nígbà tí Windows 10 dé ní 2015, nítorí náà sọ́fíwià tó bá káàdì wá ló kù tí ẹ máa gbára lé. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ti pa káàdì yín tì, ẹ lè má rí dráífà, ìyẹn sọ́fíwià kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ káàdì, fún Windows tuntun. Ẹ wá dráífà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lórí Linux, káàdì tó ní chip Si2168 sábà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pẹ̀lú Kaffeine tàbí VLC láti fi wò ó, tàbí Tvheadend fún ẹni tó fẹ́ pín in kárí yàrá.

Gbígba ètò sílẹ̀ rọrùn ju ti ayé ánálọ́ọ̀gù lọ. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń fún àwòrán pọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ náà sì máa ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Báyìí, wọ́n ti fún un pọ̀ kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìkànnì tó ń wá ní mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gba nǹkan bí 900 MB fún wákàtí kan.

Ṣé antẹ́nà inú páálí tó?

Kò tó, àfi bí ẹ bá ń gbé nítòsí òpó. Ẹ bá mi rántí bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀: ẹnì kan á wà níta tí á máa yí òpó antẹ́nà, ẹlòmíràn á wà nínú ilé tí á máa pariwo pé "Ó ti ń mọ́! Má yí i mọ́!" Ánálọ́ọ̀gù máa ń fún yín ní àwòrán tó kún fún yìnyín, èèyàn ṣì lè wo ìròyìn nínú rẹ̀. Dígítà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí sígínà bá tó, àwòrán á mọ́ kedere; bó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, á gé wẹ́wẹ́, á dúró gbagidi, lẹ́yìn náà kò ní sí nǹkan kan mọ́. Òpin ohun tí ẹ máa rí nígbà yẹn ni òpó tó ń fi bí sígínà ṣe lágbára tó hàn nínú sọ́fíwià, òun ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá ń yí antẹ́nà.

Ẹ má ju antẹ́nà UHF orí òrùlé yín nù. Òun náà ló ń gba dígítà. Kò sí antẹ́nà tó ń jẹ́ "ti dígítà" lọ́tọ̀. Okùn kékeré tó máa ń wà nínú páálí, tí ẹnu rẹ̀ kan kéré tí ìkejì sì bá ti okùn tẹlifíṣọ̀n mu, ni ẹ máa fi so ó mọ́ USB.

Mo ní káàdì ánálọ́ọ̀gù àtijọ́. Ṣé ó ti di pàǹtí?

Ní ti antẹ́nà, bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n bá pa ánálọ́ọ̀gù ìlú yín ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ihò AV bá wà níbẹ̀, ti okùn oníyẹ́lò fún àwòrán, àti funfun pẹ̀lú pupa fún ohùn, ẹ lè so dẹkódà FreeTV, GOtv tàbí StarTimes tó ní AV mọ́ ọn. Dẹkódà á ṣí kọ́kọ́rọ́, káàdì á gbé àwòrán wọ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ T àti T2 ò ní kàn yín mọ́. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ò ní AV lè ra ẹ̀rọ USB tó ń gba AV wọ kọ̀ǹpútà, EasyCap lorúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti káàdì T2.

Àwòrán rẹ̀ ò ní dán tó ti HD, rìmóòtù dẹkódà lẹ ó sì máa fi yí ìkànnì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ìkànnì kan ṣoṣo ni ẹ máa lè wò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ HDMI dẹkódà lẹ fẹ́ lò dípò AV, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ dẹkódà ló ń fi ìdènà HDCP sí i kí kọ̀ǹpútà má bàa gbà á sílẹ̀. Ihò AV kò ní ìdènà yìí, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ bèèrè bóyá dẹkódà ní AV kí ẹ tó rà á.